Oríkèé ọ̀bẹ kíká: wọ́ṣà ni àbí bẹ́árìnì?

Bí wọ́n bá fẹ́ ta ọ̀bẹ kíká fún èèyàn, wọn kì í fi gé nǹkan kan hàn án. Wọ́n á tẹ irin kékeré tó yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ á fò jáde fìà, olúwarẹ̀ á sì kówó sílẹ̀. Bẹ́árìnì, ìyẹn àwọn ọmọ róbótó wẹ́wẹ́ tó ń yí nínú oríkèé ọ̀bẹ, ló sábà máa ń dá bírà yẹn. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa fi ọ̀bẹ bẹ iṣu, tó máa fi gé okùn, tó máa fi bó máńgòrò ní Ìlọrin níbí, níbi tí ọyẹ́ ti ń da eruku sí gbogbo ihò láti oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì, wọ́ṣà ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè.

Nọ́ọ̀tì kan ló gba àárín èèkù kọjá, òun ni ẹnu ọ̀bẹ ń yí lé lórí. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láàárín ẹnu ọ̀bẹ àti irin èèkù, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí irin má baà máa ha irin. Ibẹ̀ ni wọ́ṣà tàbí bẹ́árìnì ń gbé. Ọ̀bẹ Opinel àwọn ará Faransé, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1890, kò tilẹ̀ fi nǹkan kan síbẹ̀. Igi èèkù ló gbá ẹnu ọ̀bẹ mú. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń le koko láti ṣí nígbà òjò, torí igi ti mumi, ó ti wú.

Wọ́ṣà kò ní àrà kankan lára. Pẹlẹbẹ róbótó méjì ni, ọ̀kan lápá kan, èyí tó dáa jù nínú wọn sì ni ti bíróǹsì, tó jọ idẹ lójú. Kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Gbogbo ojú rẹ̀ ló fi ń gbé ẹnu ọ̀bẹ, nítorí náà bí o bá ki ọ̀bẹ bọ inú ìrèké tí o sì lọ́ ọ, ẹrù yẹn á tàn káàkiri, kò ní dúró sójú kan. Bíróǹsì rọ̀ ju irin ọ̀bẹ lọ; eruku tó bá ráyè wọlé, ó lè gbé e mì sára, kí iṣẹ́ máa lọ. Tuntun rẹ̀ ló máa ń le. Bí o bá ń ṣí i tí o ń pa á dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú méjèèjì á dán ara wọn.

Ti ọ̀rá, ìyẹn náílọ́ọ̀nù àti Teflon, máa ń yọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù. O dè é lónìí, á tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹnu ọ̀bẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú ló ń lo wọ́ṣà. Sebenza tí ilé iṣẹ́ Chris Reeve ń ṣe ní Idaho ní Amẹ́ríkà, ọ̀bẹ tí iye rẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, wọ́ṣà bíróǹsì ló wà ní oríkèé rẹ̀. Wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sára wọ́ṣà náà kí gíríìsì lè rí ibi fara pamọ́ sí.

Bẹ́árìnì ọ̀bẹ kò yàtọ̀ sí ti inú táyà kẹ̀kẹ́ ológeere, àfi pé ó kéré gan-an: nínú ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ, ọmọ rẹ̀ kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan ààbọ̀ lọ. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní IKBS, tí Flavio Ikoma ará Brazil wà lára àwọn tó gbé e jáde, àwọn ọmọ náà kò ní ilé. Inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ yípo ni wọ́n jókòó sí, gíríìsì ló so wọ́n mọ́bẹ̀. Bí o bá tú u láìfura, ilẹ̀ lo ti máa ṣà wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìsinsìnyí, àgò ọ̀rá tàbí ti idẹ ni wọ́n tò wọ́n sí bí ẹyin inú kíréètì.

Ibi bíńtín ni ọmọ bẹ́árìnì fi ń kan irin, ìdí nìyẹn tí kì í fi í fà. Èrè rẹ̀ gan-an kì í ṣe yíyára o. Èrè rẹ̀ ni pé o lè de nọ́ọ̀tì títí ẹnu ọ̀bẹ kò fi ní mì rárá, síbẹ̀ kó máa yí wọ̀ọ̀. Ti wọ́ṣà, bí o bá dè é jù, á fà. Bí o bá tú u jù, á mì.

Àmọ́ ibi bíńtín yẹn náà ló ń bí wàhálà. Ẹnu ọ̀bẹ tó dáa máa ń le tó nǹkan bíi 58 sí 61 lórí òṣùwọ̀n Rockwell tí wọ́n fi ń wọn líle irin, ọmọ bẹ́árìnì kò rí i gbé ṣe. Irin ẹ̀gbẹ́ èèkù ni ìyà ń jẹ. Bó bá jẹ́ titanium, tàbí irin tí wọn kò fi iná mú le, àwọn ọmọ yẹn á máa gbẹ́ òrùka sí i lára díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi wọ́ṣà irin líle tẹ́ abẹ́ bẹ́árìnì kó lè ru ẹrù náà. Tú ọ̀bẹ, nu irin ẹ̀gbẹ́ mọ́, fi èékánná fà á kọjá. Òrùka tó kàn ń dán kò ṣe nǹkan kan. Èyí tí èékánná bá kọ́ sí ló ti ń jẹ wọlé. Àmì rẹ̀ níta ni pé o dè é lánàá, ó tún ń mì lónìí.

Eruku ńkọ́? Gbé ọ̀bẹ sétí, ṣí i jẹ́jẹ́. Bó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń rún gàrí gbígbẹ, yanrìn ti wọ àgò nìyẹn. Èyí tó burú jù kì í tilẹ̀ ṣe ti ọyẹ́. Àwọn tó ń fi òkúta ayíbíríbírí pọ́n ọ̀bẹ kiri, ìyẹ̀fun irin àti ti òkúta tó ń fò níbẹ̀, inú oríkèé ló ń balẹ̀ sí. Fi téèpù wé oríkèé kí o tó gbé ọ̀bẹ fún wọn. Omi kajú àti ti máńgòrò náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ bẹ́árìnì, torí ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́árìnì onírin máa ń dípẹtà bí omi bá há síbẹ̀. Ti sẹ̀rámíìkì nìkan ni kì í dípẹtà.

Láti fọ̀ ọ́, wá sukudiráfà olórí ìràwọ̀, ìwọ̀n T6 àti T8 ló sábà máa ń bá a mu. Tẹ́ aṣọ funfun sínú tíréè, kí o sì fi fóònù ya gbogbo ìpele bí o ṣe ń tú u, pàápàá apá tí bẹ́árìnì kọjú sí. Bí o bá dà á kojú sódì, ọ̀bẹ lè há tàbí kó máa mì. Nọ́ọ̀tì tó bá kọ̀ láti tú, má fipá mú un, orí rẹ̀ á bó. Gúlù ló wà lára rẹ̀. Fi irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń yọ́ òjé kàn án fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, á rọ̀. Fi kẹrosíìnì fọ ohun gbogbo, fi omi ọṣẹ ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kán ọ́ì ẹ̀rọ ìránṣọ kan lápá kọ̀ọ̀kan tó. Bó bá pọ̀ jù, eruku lò ń pè. Òróró ìdáná kò sí níbẹ̀ rárá, á dì bí oje igi.

Nígbà tí o bá ń tò ó padà, fi bíńtín gúlù tí wọ́n ṣe fún nọ́ọ̀tì, èyí aláwọ̀ búlúù, sí ẹnu nọ́ọ̀tì tí o ti nu ọ́ì kúrò lára rẹ̀, má fi ti pupa sí i. Bí gúlù bá kán sínú bẹ́árìnì, o ti so ọ̀bẹ pọ̀ nìyẹn. De nọ́ọ̀tì títí kò fi ní mì mọ́, kí o wá dá a padà díẹ̀ bó bá jẹ́ wọ́ṣà. Fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Wọ́ṣà tó bá ń fà, fi sáńpépà 1000 àti lẹ́yìn náà 2000 dán an lórí gíláàsì, pẹ̀lú omi, bí ẹni ń kọ 8. Iye ìgbà kan náà ni kí o fà wọ́n méjèèjì. Bí ọ̀kan bá tín ju ìkejì lọ, ẹnu ọ̀bẹ á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì máa ha èèkù bó bá ń pa dé.

Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ yọ bẹ́árìnì kí àwọn fi wọ́ṣà dípò. Kì í sábà bọ́ sí i. Kòtò ni wọ́n gbẹ́ fún bẹ́árìnì, wọ́ṣà tó bá tín á rì sínú rẹ̀, ẹnu ọ̀bẹ kò sì ní rí ohun gbára lé. Àfi bí o bá rí wọ́ṣà tó fẹ̀ tó kòtò náà, tó sì nípọn gẹ́lẹ́ bíi bẹ́árìnì tí o yọ.