Àlejò ló sọ wá di onílé kan náà

Bí ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́, àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi. Ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1985 fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ ìlú láìgba owó oṣù. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè bá wọn lọ ṣe iṣẹ́ àlàáfíà nílẹ̀ òkèèrè?" Àgọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ, níbi tí àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti ń péjọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ fún ìlú tó gbà wọ́n lálejò. Mo máa ń dá wọn lóhùn, mi ò sì í fi ohun tí mo mọ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń béèrè bá jẹ́ ọmọ Ṣàgámù bíi tèmi, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ta ló mọ̀ ní Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá nílùú wa.

Ọmọ iléèwé girama ni mí ní oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá nílùú wa. Ọ̀rọ̀ ọdún Orò ló dá a sílẹ̀. Wọ́n pa obìnrin Haúsá kan tí wọ́n ní ó jáde lásìkò tí kò yẹ kí obìnrin jáde, ni nǹkan bá dàrú. Ilé jó, ẹ̀mí ṣòfò níhìn-ín, ó ṣòfò lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé Kano, wọ́n sì gbẹ̀san lára àwọn èèyàn wa tó ń gbé níbẹ̀, títí kan àwọn tí kò dé Ṣàgámù rí láyé wọn.

Gbàǹja ni ìyá mi ń tà. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ á mọ̀ pé gbàǹja ló so àwa àti àwọn Haúsá pọ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa. Àwọn ló ń rà á, àwọn ló ń kó o lọ sí òkè Ọya. Ní ọ̀sẹ̀ ìjà yẹn, ìyá mi ti bó obì, ó ti ṣà á, ó ti fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, ó ń retí Alájì tó máa ń wá kó o. Alájì ò wá, ọkọ̀ ò wá. Láràárọ̀ ni ìyá mi á ṣí ewé orí agbọ̀n, á máa fọwọ́ ṣa èyí tó ti ń dúdú kúrò láàárín èyí tó ṣì dára, á tún da ewé bò ó. Èmi ni mo ń kó èyí tó bàjẹ́ lọ dà sí ààtàn.

Nígbà tí Alájì padà dé, wọ́n kí ara wọn dáadáa, wọ́n sì tún jọ tajà. Àmọ́ kí ìjà tó dé, àga pálọ̀ wa ló máa ń jókòó sí, á mu omi, á bi mí pé ipò kelòó ni mo gbà ní kíláàsì. Lẹ́yìn ìjà, ìta ló ń dúró sí. Ọjà padà, àbẹ̀wò ò padà. Bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri ìlú fún ọdún gbọọrọ, àwa tó jẹ́ pé ìlú mẹ́tàlá ló para pọ̀ di Ṣàgámù wa ní 1872, kí ogun má baà máa kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé inú irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí ti ṣẹ̀. Abúlé kan wà nílẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní Esnes, nítòsí Verdun. Ogun Àgbáyé Kìíní fọ́ ọ túútúú. Ní 1920, ọmọ Switzerland kan, Pierre Cérésole, kó àwọn èèyàn díẹ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan, àwọn ará Jámánì sì wà lára wọn. Wọ́n lọ ń palẹ̀ àfọ́kù mọ́, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, wọ́n ń kan ilé onípákó fún àwọn tó padà wálé. Bàbá Cérésole ti ṣe ààrẹ Switzerland rí. Òun ní tirẹ̀ kọ̀ láti san owó orí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì tì í mọ́lé nítorí ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti inú iṣẹ́ abúlé yẹn jáde, Service Civil International, ṣì wà títí dòní.

Esnes kò yọrí sí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ara àwọn tó ni ilẹ̀ ò gba ará Jámánì láàárín wọn, kò sì tó ọdún kan tí iṣẹ́ náà fi dáwọ́ dúró. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí wọ́n jólé rẹ̀ lánàá, tí o wá gbé ṣọ́bìrì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lónìí, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó o máa lọ. Ohun tí mo bọlá fún ni pé Cérésole àti àwọn èèyàn rẹ̀ ò torí ìyẹn jáwọ́. Ní 1924 wọ́n bá abúlé kan ní Switzerland kó òkìtì yìnyín tó ya lù ú. Nígbà tí ilẹ̀ sì mì tìtì ní Bihar, ní Íńdíà, ní 1934, Cérésole fúnra rẹ̀ lọ bá wọn kọ́lé níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Jámánì náà padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Láti 1958 ni ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, Aktion Sühnezeichen, ti ń rán wọn lọ sí àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Hitler bàjẹ́, láti lọ fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́.

Ibi tí èmi kọ́kọ́ lọ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Tógò ni, abúlé kan nítòsí Atakpamé, a lọ kọ́ kíláàsì fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. (Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà láti wọ Tógò. Mo máa ń rán àwọn ọmọ létí pé ẹ̀gbẹ́ wa níbí náà ń jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè.) Bíríkìlà abúlé yẹn lọ̀gá wa. Ó wó ìlà búlọ́ọ̀kù tí àwọn ọmọ òyìnbó méjì tò lójú wọn, ó na okùn tó fi ń wọn ògiri, ó ní kí wọ́n tún un tò. Wọ́n tún un tò. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Mo ti rí ibi tí àlejò ti dé tó di ọ̀gá lé onílé lórí, tó kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, tó ya fọ́tò, tó sì lọ.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù níbẹ̀, ìdí ààrò ni mo ti rí i. Àdúgbò méjì ní abúlé yẹn ti ń bínú síra wọn lórí ọ̀rọ̀ omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rán obìnrin wá láti máa dáná fún wa. Èdè Ifẹ̀ ni wọ́n ń sọ lágbègbè yẹn, ó sún mọ́ tiwa, mo ń gbọ́ ọ ní àgbọ́yé díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn obìnrin méjèèjì ò wo ojú ara wọn. Nígbà tó fi máa tó ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti ń jọ jiyàn lórí bóyá ata pọ̀ jù fún wa. Ẹnì kan ò bẹ̀ wọ́n, ẹnì kan ò wàásù fún wọn. Àwa la di ẹrù tí wọ́n gbọ́dọ̀ jọ gbé.

Mo gbé èrò yẹn bọ̀ wá sí Ṣàgámù. Nígbà tí àwa náà rí àlejò gbà, láti Gánà, láti Tógò, àti ọmọbìnrin kan láti Jámánì, iṣẹ́ tí a mú fún wọn ni gọ́tà kan tó dí láàárín Sábó àti àdúgbò tó tẹ̀ lé e. Bí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ kì í mọ Haúsá yàtọ̀ sí Yorùbá. Ọ̀dọ́ jáde láti apá méjèèjì. Kí n sọ òótọ́, àwọn lébìrà Ṣàgámù ì bá parí gọ́tà yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ àlejò ò le tó ti wa.

Ṣùgbọ́n ọmọ Jámánì yẹn kì í jẹ ẹran. Hàjíyà kan ní Sábó gbọ́, ó ní kí ló wá máa jẹ? Ló bá gbéra, ó rìn wá sílé Ìyá Ṣadé, níbi tí àlejò ń gbé. Ìyá Ṣadé ń rin ewùrà lọ́wọ́, ó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Hàjíyà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Ṣadé, ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i yẹn ńkọ́? Ẹ bi í bó ń jẹ ẹja?"

"Mi ò bi í o. Ẹ wọlé, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni, kò gbọ́dọ̀ fi ebi sùn lọ́wọ́ wa."

Hàjíyà wọlé, ó fa àpótí, ó jókòó. Láti 1999, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn nínú ilé yẹn, bẹ́ẹ̀ gọ́tà yẹn nìkan ló wà láàárín àdúgbò wọn. Wọ́n bu ti ọmọ Jámánì náà sọ́tọ̀ láìfi ẹja sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, túwó ti wá láti Sábó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè nípa Sábó. Bí o bá lọ sí Jámánì, ìwọ lo máa di àlejò tó wà láàárín àwọn ẹni méjì tí kì í kíra wọn. Ó yẹ kó o ti rí bó ṣe ń rí nílé.

Fún ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ: àgọ́ iṣẹ́ kan kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Wọ́n á fún ọ ní oúnjẹ àti ibùsùn. Owó ọkọ̀ àti físà, ìwọ lo ni ín. Ẹni tó bá ṣèlérí owó oṣù tàbí ìwé ìgbélùú fún ọ, olè ni, sá fún un. Ó ń dùn mí pé ọmọ Jámánì á gba físà tiwa wọ́ọ́rọ́wọ́, tí tiwọn yóò sì fún ọmọ wa ní wàhálà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àlàáfíà yìí délé délé, ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Bí o bá ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ bíi nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà, wádìí nípa Technical Aid Corps. Ìjọba wa ló dá a sílẹ̀ ní 1987 láti máa rán àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pacific.

Ní ti Ṣàgámù, ògiri iléèwé kan ló kàn. Iyàn tó wà nílẹ̀ báyìí ni ibi tí àlejò yóò sùn. Hàjíyà ní ó ti tó kí Sábó gbà wọ́n sílé, yàrá méjì ti wà tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà. Ìyá Ṣadé ní òun ò tíì gbà. A máa jókòó lé e lọ́jọ́ Sátidé.