Màmá akápò àti báǹkì tó tà ní pọ́n-ùn kan

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kọ̀póréétífù wa níbi iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò jalè o. Àwa fúnra wa la kó gbogbo ẹ̀ lé màmá kan lọ́wọ́, àwọn ló ń gbowó, àwọn ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn náà ló ń gbé e lọ sí báǹkì, torí ẹni Ọlọ́run ni wọ́n. Ìgbà tá a wá fẹ́ pín owó ní Dìsẹ́ńbà, màmá ń ṣí nótíbúùkù yẹn síwá sẹ́yìn, epo ti rin ojú ewé méjì pọ̀, owó inú ìwé ò bá ti báǹkì mu, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Báǹkì Barings ti London ló wá sí mi lọ́kàn. Látọdún 1762 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ o, Fẹ́búárì 1995 ló wó, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn ní Singapore, Nick Leeson, ló wó o. Òun ló ń rà tó ń tà lọ́jà ìdókòwò, òun náà ló tún jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń ṣírò ohun tó rà àtohun tó tà! Tó bá ti pàdánù, á lọ rì í mọ́ inú àkáǹtì kan tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ 88888, á tún dá owó míì lé e kó lè rí tàná gbà padà, bíi àwọn ọmọ tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, àfìgbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú Kobe ní Japan ní Jánúárì, tí ọjà ìdókòwò Japan já wálẹ̀, ni gbèsè bá di £827 mílíọ̀nù. ING, ilé iṣẹ́ báǹkì kan ní Netherlands, ló ra báǹkì náà ní pọ́n-ùn kan. Ẹyọ kan ṣoṣo!

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ́dítọ̀ wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1994 pé kò yẹ kẹ́nì kan ṣoṣo wà nídìí méjèèjì. Wọn ò ṣe nǹkan kan sí i, wọ́n rò pé èrè ń wọlé, ẹnu tó sì jẹ dòdò ò lè sọ òdodo.

Tiwa ṣá, akọ̀wé ló ń mú ìwé báyìí, èèyàn méjì ló ń sáìnì ní báǹkì, a sì ń ka owó tó wà nílẹ̀ sétí gbogbo èèyàn lóṣooṣù. Màmá ní àwọn ti ń rí oorun sùn. Bọ̀ọ̀dá kan ṣì ń kùn pé a ò fọkàn tán àgbà, mo ní kí wọ́n kó owó tiwọn wá kí n bá wọn tọ́jú ẹ̀ láì kọ ọ́ síbì kankan, wọ́n dákẹ́.