Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò kókó ọmú

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí abẹ́rẹ́ bá ní jẹjẹrẹ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ òótọ́ ni. Èyí tó ní kò sí ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa, torí abẹ́rẹ́ kì í ròyìn ibi tí kò dé.

Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ń fa sẹ́ẹ̀lì lásán kò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ti jáde kúrò nínú ojú ọ̀nà omi ọmú. Èyí tó ń gé ẹran, nọ́ńbà 14 (ìwọ̀n bó ṣe sanra tó), ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa fi skáànù (ultrasound) ṣọ́ ọ. Kí ẹ tó yìn ín bí ìbọn, ẹ rántí pé ẹnu rẹ̀ lè ta síwájú tó mìlímítà 22. Ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ lórí ìhà, kó má baà gún ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá ti wọlé, ẹ yí ojú skáànù sí ìbú. Abẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ kókó kọjá lè dà bí èyí tó wọ inú rẹ̀ tó bá jẹ́ òró nìkan lẹ wò.

Ẹ gé tó ẹyọ 4, ó kéré tán, láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì wò wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹran kókó sábà máa ń funfun, á sì rì nínú fọ́málìn, omi tí a fi ń pa ẹran mọ́ kó má baà jẹrà. Ọ̀rá pupa rúsúrúsú á léfòó. Bí gbogbo rẹ̀ bá léfòó, ẹ tún gé. Tó bá jẹ́ èérún kálíṣíọ́mù tó hàn nínú àwòrán ọmú lẹ ń wá, ẹ ya àwọn ègé náà ní X-ray kí aláìsàn tó dìde.

Lẹ́yìn èyí gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù. Kí wákàtí kan tó pé, ẹran gbọ́dọ̀ ti wà nínú fọ́málìn 10%, kó sì lo wákàtí 6 sí 72 níbẹ̀. Èyí tí ẹ gé lọ́sàn-án Ẹtì tí Ajé sì jẹ́ ọlidé á kọjá 72 kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹran tí kò gba fọ́málìn dáadáa lè mú kí àyẹ̀wò ER (ibi tí họ́mónù ẹ́sítrójìn ń dì mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì) ní kò sí níbi tó wà, kí obìnrin náà sì pàdánù tamoxifen, oògùn tó ń dí họ́mónù yẹn lọ́wọ́, tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sì fún un ní kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kókó lè yọ́ tán, kó jẹ́ ègé yẹn nìkan ló kù láti yẹ̀ wò.

Ara ìgò ni kí ẹ kọ orúkọ, apá ọ̀tún tàbí òsì sí. Ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn.

Bí ọwọ́ tí ẹ fi yẹ ọmú wò àti àwòrán bá ní jẹjẹrẹ ni, tí èsì ní ọ̀rá lásán ni, ẹ tún un ṣe. Tí èsì bá ní sẹ́ẹ̀lì tó ń yàtọ̀ àmọ́ tí kò tíì di jẹjẹrẹ wà, tí wọ́n ń pè ní ADH, ẹ bá dókítà iṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀ nípa yíyọ gbogbo ibẹ̀, torí jẹjẹrẹ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ti gé.