Ìtàn tí kì í ju ohun àtijọ́ nù: mo tún ka Bionicle láti ìbẹ̀rẹ̀

Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí Bionicle, ìṣeré Lego tó ní ìtàn tirẹ̀. Mo kó àwọn ìwé àwòrán rẹ̀ jáde, mo to àwọn ìṣeré náà bí Lego ṣe gbé wọn jáde lọ́dọọdún, láti 2001 dé 2010, mo sì ń ka ìtàn ọdún kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń tò wọ́n lọ. Ohun kan gbà mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó sùn. Lọ́dọọdún ni ilé-iṣẹ́ náà ń fẹ́ ọjà tuntun tí yóò tà. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń kọ ìtàn náà kò ju ohun àtijọ́ nù. Bí wọ́n bá ti mú tuntun dé, wọn a padà sí èyí tó ti wà nílẹ̀, wọn a sì fi hàn wá pé ìdajì rẹ̀ la mọ̀.

Bohrok, ọ̀kan lára àwọn ìṣeré ọ̀tá inú ìtàn náà, ni mo fi máa ṣàlàyé. Ọdún 2002 ni wọ́n jáde. Ọ̀kan wà níwájú mi báyìí: tí mo bá ká ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ jọ, ó di roboto, kò sí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Tí mo bá tú u, tí mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, orí rẹ̀ á ta síwájú lójijì. Nínú agbárí yẹn ni ìbòjú rọ́bà rírọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní krana, tó lè lẹ̀ mọ́ ojú Toa, ìyẹn àwọn akọni ìtàn náà, kí ó sì gba iyè rẹ̀. Nínú ìtàn ọdún náà, Bohrok tú jáde lábẹ́ ilẹ̀ erékùṣù Mata Nui, wọ́n ń wó òkè, wọ́n ń ya igi, wọ́n ń fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn Toa mẹ́fà bá àwọn ọbabìnrin wọn méjì jà, Cahdok àti Gahdok, wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé. Gbogbo wa yọ̀.

Àfi ìgbà tó di 2008. Ọdún yẹn ni a mọ̀ pé Mata Nui, Ẹ̀mí Ńlá tí wọ́n ti ń dárúkọ láti ọjọ́ kìíní, jẹ́ róbọ́ọ̀tì kan tó tóbi kọjá ohun tí ojú lè rí tán. Ó sùn sínú òkun, erékùṣù náà sì hù bo ojú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n dá Bohrok fún ni kí wọ́n gbá erékùṣù náà kúrò lójú rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó fún un láti dìde. Àwọn tí a kà sí ọ̀tá ń ṣe iṣẹ́ wọn ni, àsìkò ni kò tíì tó. Àwọn Toa fúnra wọn ló padà lọ tú àwọn ọbabìnrin méjèèjì sílẹ̀. Mo tún ka ìwé àwòrán 2002 lẹ́yìn tí mo ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé kan tó tún jẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ fún mi.

Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìdáhùn yẹn ní 2008. Christian Faber, ayàwòrán ará Dẹ́nmákì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó Advance, wà lára àwọn tó dá Bionicle sílẹ̀, òun àti Bob Thompson ti Lego àti Alastair Swinnerton tó kọ ìpìlẹ̀ ìtàn náà. Kókó kan tí kì í ṣe jẹjẹrẹ wà nínú ọpọlọ Faber, ó sì ní láti máa fún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ oògùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro oògùn náà bí àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí òun ń rán wọ inú ara òun kí wọ́n lọ tún un ṣe. Ẹ wo agolo gígùn tí Toa ọdún 2001 wà nínú rẹ̀, tó rí bí hóró oògùn. Nínú ìtàn náà, inú agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà tí omi fi gbé wọn gúnlẹ̀ sí etíkun, wọn kò rántí ibi tí wọ́n ti wá. Ara kan ń ṣàìsàn, wọ́n sì rán mẹ́fà sí i láti wò ó sàn. Agolo tí a ti fọwọ́ mú láti ọjọ́ tí a rà á ni ìdáhùn wà lára rẹ̀.

Ní 2001, ìtàn náà kò gùn. Toa mẹ́fà ló wà: Tahu oníná, Gali olómi, Lewa afẹ́fẹ́, Kopaka yìnyín, Onua ilẹ̀, Pohatu òkúta. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbòjú tó ní agbára tirẹ̀, wọ́n sì ń wá ìyókù kiri. Jíà wà lẹ́yìn wọn: ẹ yí i, apá á fì, idà á gbá ìbòjú alátakò bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ìbòjú rẹ̀ bọ́ ló pàdánù. Eré ọwọ́ àti ìtàn jẹ́ ohun kan náà, kò sí ẹni tó ní láti là á yé ọmọdé. Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tún wà, tí Templar Studios ṣe, níbi tí a ti ń bá Takua, ará abúlé kan, rìn láti abúlé dé abúlé. Nínú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbà pé erékùṣù náà ní èèyàn, pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣeré, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn Maori ti New Zealand fẹ̀sùn kan Lego pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ èdè àwọn ṣe orúkọ ìṣeré láìbéèrè. Tohunga ni wọ́n ń pe àwọn ará abúlé nígbà náà, ọ̀rọ̀ tó ní ọ̀wọ̀ gan-an láàárín àwọn Maori. Lego gbọ́, Tohunga di Matoran, Huki di Hewkii, Jala di Jaller, Maku di Macku. Inú mi dùn sí bí ìtàn náà ṣe gbà á: wọ́n ní lẹ́yìn ogun Bohrok, wọ́n ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan láti fi bu ọlá fún àwọn akọni, orúkọ tuntun sì ni ẹ̀bùn wọn. Ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ àwọn Maori, wọ́n sì gbà á.

Ọdún 2003 ni Rahkshi, àwọn ọ̀tá tuntun, dé, pẹ̀lú fíìmù kìíní. Jaller kú nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Takua, Takua sì gbé Ìbòjú Ìmọ́lẹ̀ wọ̀, ó di Takanuva, Jaller sì tún jí. Fíìmù tó dára ni.

Ṣùgbọ́n 2004 ni mo máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ẹnu mi kì í dákẹ́. Lójú ọjà, ẹni tó bá ní Tahu tó ń tà bí i tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e sẹ́yìn. Lego gbé e sẹ́yìn. Wọ́n mú ìtàn padà sí ayé àtijọ́, sí ìlú Metru Nui, wọ́n sì sọ fún wa pé àwọn àgbààgbà mẹ́fà tó ń ti ọ̀pá kiri abúlé, àwọn Turaga, ti jẹ́ Toa rí. Láti 2001 ni Turaga Vakama ti ń to òkúta sórí iyanrìn láti fi pa ìtàn Makuta, ọ̀tá ńlá Mata Nui, fún àwọn ọmọ abúlé. Ó ń sọ ti ẹlòmíràn, kò dárúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó wá la ẹnu, ohun tó jáde ni pé alágbẹ̀dẹ ìbòjú lòun, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kùnà kí àwọn tó mọ ọ̀nà, Makuta gbé àwọ̀ Turaga Dume wọ̀ láti tan gbogbo ìlú, ó fi àwọn Matoran sínú oorun, ó sì nu ìrántí wọn. Kí wọ́n lè jí wọn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi agbára Toa wọn sílẹ̀, wọ́n sì di arúgbó. Wọn kò sì sọ fún àwọn ọmọ náà rárá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tí kò rántí ilé rẹ̀ pé ó ní ilé kan rí?

Mo rò pé kò sí ọdún tí wọ́n fi ìgboyà kọ̀wé tó báyẹn. Àwọn Toa Hordika ti 2005 wá tẹ̀ lé e, Visorak, àwọn ọ̀tá bí aláǹtakùn, sì ń ta àwọ̀n káàkiri. Mo máa ń tètè ka ibẹ̀ kọjá.

Ìṣòro kan wà tó bá gbogbo ọdún wọ̀nyí rìn: ọjà ń fẹ́ ara tuntun, ìtàn sì ń fẹ́ kí ẹni tí a mọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n ní láti wá ìdí tí ara ẹnì kan fi ń yí padà. Toa ṣubú sínú omi protodermis, wọ́n di Toa Nuva. Ní 2006, mànàmáná láti ara ìràwọ̀ pupa sọ Matoran mẹ́fà di Toa Inika. Ní 2007, Ìbòjú Ìyè sọ wọ́n di Toa Mahri lábẹ́ òkun. Greg Farshtey ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nínú ìwé àwòrán àti ìwé ìtàn, mo sì yìn ín, nítorí kì í jẹ́ kí ìyípadà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun kan gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó yí padà.

Matoro, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà yẹn, ló san gbèsè tó pọ̀ jù. Ní 2001, òun wà lára àwọn ìṣeré kéékèèké mẹ́fà tí McDonald's ń fún àwọn ọmọdé pẹ̀lú oúnjẹ. Nínú ìtàn, ògbufọ̀ ni, nítorí Turaga Nuju kì í sọ̀rọ̀ bí èèyàn, bí ẹyẹ ló ń súfèé. Kò sí ẹni tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ irú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí Mata Nui kú ní 2007, tí gbogbo ayé inú rẹ̀ sì ń bọ̀ wá parun, Matoro ló lé Ìbòjú Ìyè bá nínú ibú. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá gbé e wọ̀ kò ní yè. Ó gbé e wọ̀. Bí ara rẹ̀ ṣe ń di ìmọ́lẹ̀, ohun tó fi agbára ìkẹyìn rẹ̀ ṣe ni pé ó gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ márùn-ún padà sí Metru Nui, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè tún mí lórí ilẹ̀, nítorí omi nìkan ni wọ́n ti ń mí sínú rẹ̀. Ó rántí èémí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ikú. Mo ti ka ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, omi ṣì bọ́ lójú mi lónìí.

Ikú yẹn ló sì mú kí òpin 2008 dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mata Nui jí, ó dìde, kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé Makuta ló wà nínú ara náà. Ó ti gba róbọ́ọ̀tì, ó sì ti ẹ̀mí Mata Nui sínú Ìbòjú Ìyè, ó jù ú sí òfurufú. Matoro kú kí ayé lè yè, ọ̀tá sì wọ inú ayé náà bí ẹ̀wù.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jà nínú ọkàn mi. Ní 2009, wọ́n kó wa lọ sí aṣálẹ̀ Bara Magna, láàárín àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Glatorian. Ackar àti Kiina dára, èrò pé àwọn ẹ̀yà ń fi ìjàkadì ojú agbo yanjú aáwọ̀ dípò ogun sì dùn mọ́ mi. Ibi tí àwọn abúlé ti so pọ̀ di ara róbọ́ọ̀tì mìíràn, ọgbọ́n àtijọ́ ni, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Tahu dà? Hahli dà? Àwọn ojú tí a ti ń bá bọ̀ láti 2001 kúrò lórí àtẹ, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ní láti lọ wá a nínú àwọn ìwé ẹ̀gbẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jẹ́ kí ọjà borí ìtàn.

Ní 2010, wọ́n pa á tì. Ìṣeré kéékèèké mẹ́fà péré ló jáde, Hero Factory sì ti gba ipò rẹ̀. Ó bà mí nínú jẹ́ nítorí àwọn ọdún tí Lego ń pàdánù owó ńlá, ní 2003 àti 2004, Bionicle wà lára àwọn tó ń tà. Síbẹ̀, mo gbóríyìn fún ohun kan: Ìbòjú Ìyè dá Tahu padà sí ara rẹ̀ ti 2001 kí ó lè gbé ìhámọ́ra wúrà wọ̀, ìhámọ́ra tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wà pẹ̀lú ìṣeré kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n tún jí orúkọ náà dìde láti 2015 sí 2016, Tahu àti àwọn yòókù padà dé pẹ̀lú ìbòjú tó rẹwà, ṣùgbọ́n ìtàn tuntun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ tí a lè padà sí.

Farshtey kò dákẹ́ lẹ́yìn tí ọjà dákẹ́. Ó ń kọ díẹ̀díẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbẹ̀ ló sì ti sọ ti Velika. Matoran kékeré kan ni Velika, 2006 ló jáde, òwe àti àlọ́ ló máa ń fi í sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á sí. Ó wá hàn pé ọ̀kan nínú àwọn Ẹ̀dá Ńlá tó dá gbogbo ayé náà ni, tó fi ara pamọ́ sínú ara Matoran, àti pé òun ló wà nídìí ìpànìyàn tó ń ṣẹlẹ̀. Mo tún kó ìwé 2006 jáde, mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí Velika ti sọ, ìtumọ̀ wọn ti yí padà pátápátá. Ibẹ̀ sì ni ìwé náà dúró, kò parí. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó ń wá. Mo fẹ́ kí Farshtey parí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́ta.