Ìlà Kan Tí N Kò Kà

"Ọmọ yìí ń ka ìlà ni, kò tíì ka ilẹ̀." Ọ̀gá tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń ka ìlà orí àkọsílẹ̀ kànga epo ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rò pé mo ti jáde, bẹ́ẹ̀ orí àga ẹ̀yìn ni mo ṣì wà. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, n bá ti gbàgbé.

Òjò rọ̀ ní Port Harcourt láti àárọ̀, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, gààrì ni mo sì jẹ lọ́sàn-án.

Wọ́n fún wa ní àkọsílẹ̀ kànga kan láti Niger Delta, èyí tí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó ki páìpù irin bọ inú rẹ̀, wọ́n ní kí á fi ọwọ́ kan ibi tí epo wà. Ní nǹkan bí 450 mítà, ìlà gamma ray, tó ń wọn ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀ jáde, fà sí òsì, èyí tó fi hàn pé iyanrìn ni, kì í ṣe amọ̀ líle, ìlà resistivity, tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́nà tó, sì gòkè dé 110 ohm-mítà. Omi iyọ̀ a máa gba iná láyè, epo kì í gbà á láyè. Mo nawọ́, mo ní epo ni.

Omi ni. Omi tó ṣeé mu.

Iyanrìn òkè níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Benin Formation, omi tí kò ní iyọ̀ ló kún inú rẹ̀, omi bẹ́ẹ̀ náà a sì máa dí iná lọ́nà. Agbada, níbi tí epo wà, ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ èyí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Kíka ìlà láìka ilẹ̀. Ìyá àgbà mi ní àbàjà lẹ́rẹ̀kẹ́, gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń bi í léèrè Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i sí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ti kọ ilà. Irú ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Nígbà tí iná dé, mo tún ṣe ìṣirò tí Archie, onímọ̀ epo ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1942 láti fi mọ ìwọ̀n omi tó wà nínú iyanrìn. Mo fi ààyè inú iyanrìn sí 30%. Nígbà tí mo fi resistivity omi inú rẹ̀ sí 0.1, ó ní omi kò ju 10% lọ, epo ni ìyókù. Nígbà tí mo fi í sí 10, ó ní omi ló kún un bámúbámú. Iyanrìn kan náà, ìlà kan náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá kò tọ́ pátá. Mo tún tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ lálẹ́, mo sì rí i pé ìlà SP, ìyẹn ti iná tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú jáde nínú kànga, tó ń fà sí òsì nínú gbogbo iyanrìn ìsàlẹ̀, ọ̀tún ló fà sí nínú iyanrìn tèmi, bí ó ti máa ń ṣe bí omi ilẹ̀ kò bá ní iyọ̀ tó ẹrẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ kànga. Ìlà ti sọ ọ́! Àìka ìlà tán ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àwọn tó kọ́kọ́ fi iná wọn kànga epo ní Pechelbronn ní ilẹ̀ Faransé ní 1927, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Èmi ní mẹ́fà, mo ka méjì.

Àbí ohun tí ó ń pè ní ilẹ̀ náà nìyẹn? N kò mọ̀ bóyá kí n sọ fún un lọ́la. Bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé mo gbọ́…

Ní 2,300 mítà, SP fà sí òsì, resistivity dé 40, ìlà density, tó ń wọn bí ilẹ̀ ṣe wúwo tó, àti ti neutron, tó ń wọn hydrogen inú rẹ̀, sì gba ara wọn kọjá, bí wọ́n ti máa ń ṣe níbi tí gáàsì bá wà. Gáàsì ni mo pè é. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́.