Ẹni Tó Gbà Ẹ́ Sílé, Èló Ló Ná An?

Láti ìgbà tí mo ti wálé sinmi ní Òṣogbo yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí. Wọ́n á kí mi kú àbọ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà ọmọ, wọ́n á ní mo ti sanra, kí wọ́n tó wá bọ́ sórí èyí tó gbé wọn wá: "Àǹtí, tí físà mi bá jáde, ṣé mo lè wọ̀ sọ́dọ̀ yín? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni." Àbúrò kan ní Òkè-Baálẹ̀ tiẹ̀ ti fi àdírẹ́sì mi kún fọ́ọ̀mù kó tó wá sọ fún mi. Ẹ̀rín ló pa mí. Èmi náà wọ̀ sílé ẹnì kan rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ìwòsàn kan ní Leeds, lápá àríwá England, ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n fún mi ní yàrá tí mo lè gbé fúngbà díẹ̀. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ iṣẹ́ nílé. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré nìkan ló ń gbé inú fúláàtì náà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, kí n máa gbé ibẹ̀ títí Ọlọ́run yóò fi ṣe é. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí nílé tiwa, ẹní tí wọ́n tẹ́ sí pálọ̀ fún àlejò kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àfi ọjọ́ tí mo rí lẹ́tà káńsù lórí tábìlì ní kíṣìnnì. Ní England, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ló ń san owó kan fún káńsù, council tax ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń gbé inú ilé, wọ́n á yọ ìdá 25 nínú 100 kúrò fún un. Ọjọ́ tí àgbàlagbà kejì bá kó wọlé, ẹ̀dínwó náà bá tirẹ̀ lọ, àyàfi tí ẹni tó kó wọlé bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún tàbí ọ̀kan nínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún káńsù pé mo ti dé. Kò sọ fún èmi. Ó tún ti lọ bẹ onílé kó tó gbà kí n dúró, torí iye èèyàn tó lè gbé ibẹ̀ wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Ìyẹn náà, kò fi lọ̀ mí. Ẹ wo ohun tí èèyàn lè gbé mì nítorí pé a jọ jẹ ẹ̀wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì!

Mo bi í léèrè. Ó ní, "Kí n wá ní kí o lọ sùn síta ni?" Ó tún ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Láti oṣù yẹn ni mo ti ń san iye tó fi kún un, àti tèmi nínú owó iná àti gáàsì.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò, mi ò ní kí ẹ má béèrè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè ibi tí ẹ ó sùn, ẹ béèrè orúkọ ta ló wà lórí ilé náà, àti ohun tí wíwá yín máa fi kún ìnáwó ẹni tó ni ín. Ẹni tó ní "kò séwu" lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń ni lára. Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló wọ́n jù níbẹ̀. Ẹni tó mọ ìlú tó sì máa sọ ọ́ fún ẹ ló wọ́n, ẹni náà sì lè má jẹ́ ará ilé rẹ rárá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìdánwò. Kí NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní UK, tó ka ẹni tó ti òkèèrè wá sí nọ́ọ̀sì, ó gbọ́dọ̀ yege nínú OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe tó ní ibùdó mẹ́wàá, tí wọ́n ti ń wo bí o ṣe ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tó pẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò wo ọwọ́ rẹ nìkan. O ní láti máa sọ gbogbo ohun tí ò ń ṣe jáde lẹ́nu, fún ère rọ́bà tó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ. Obìnrin ará Philippines kan tó ti yege ló ń wá sílé lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ láti kọ́ mi. Ó tẹ́ ìrọ̀rí sórí àga, ó ní aláìsàn ni. Mo kó ohun èlò mi, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Tún jáde." Mo jáde, mo tún wọlé, mo kí ìrọ̀rí, mo sọ orúkọ mi, mo bi ìrọ̀rí léèrè orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo yẹ báńdì ọwọ́ rẹ̀ wò, mo gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní, "Jáde. O ò sọ pé o fọwọ́." Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn fún ìrọ̀rí. Obìnrin yìí kò gba kọ́bọ̀. Ó ní ọmọ India kan ló kọ́ òun náà.

Ti ilé tún yàtọ̀. Ọkùnrin kan tó ń báni wá ilé, ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi, ní kí n san owó kí n tó wo ilé, kí n san ti ìwé, kí n tún san owó iṣẹ́ tirẹ̀. Kò jọ mí lójú. Ẹni tó bá gba ilé rí ní Ògo-Olúwa tàbí Òkè-Fíà, ní Òṣogbo níbí, mọ̀ pé àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù ń bẹ lórí owó ilé. Màmá ará Jàmáíkà kan tó ń tún wọ́ọ̀dù wa ṣe ló gbọ́ tí mò ń ṣírò owó náà lórí fóònù. Ó gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri. Ó ní òfin ti fòpin sí irú owó bẹ́ẹ̀ ní England láti oṣù kẹfà ọdún 2019. Ó ní owó ìdúró (deposit), èyí tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé, fún irú ilé tí mò ń wá kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, pé onílé sì gbọ́dọ̀ fi í sínú ètò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín 30 ọjọ́. "Má pè é o, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i." Mo kọ ọ́. Ọkùnrin náà kò fèsì mọ́ títí dòní.

Síbẹ̀, owó ilé tòótọ́ ṣì wà níwájú mi, báńkì kò sì ní yá mi. Ní ìlú yẹn, ẹni tí kò jẹ gbèsè rí ni wọn ò fọkàn tán, torí kò sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n máa wò. Àjọ ló yọ mí. Àwọn obìnrin Yorùbá kan ń dá a lóṣooṣù, ẹni tuntun ló sì máa ń kó gbẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi dúró fún mi, wọ́n bá jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ kó o. Mi ò fọwọ́ síwèé kankan. Ká ní mo sá lọ, òun ni ì bá san án.

Àwa ọmọ Òròkí, ìyẹn Òṣogbo, ti rí kí wọ́n gba àlejò mọ́ra báyìí rí, kó tó kàn wá. Susanne Wenger, Adùnní Olórìṣà, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria ni. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀ kété lẹ́yìn tó dé Nàìjíríà. Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ló fà á mọ́ra, tó sì mú un mọ òrìṣà. Nígbà tó di pé ó ń tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, bíríkìlà àti káfíńtà ìlú wa ló bá a ṣiṣẹ́. Òṣogbo níbí náà ló kú sí lọ́dún 2009. Gbogbo ayé ń yìn ín, ó sì tọ́ sí i, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ni mo máa ń rò.

Màmá ará Jàmáíkà yẹn kọ̀ láti gba ẹ̀bùn owó lọ́wọ́ mi. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń bọ̀ nílé, tó sì gbọ́ pé ìlú aró ni ìlú mi, ó ní kí n ra àdìrẹ wá fún òun, ọ̀pá márùn-ún, kó má jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kún ọjà báyìí, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà. Mo ti bá ìyá aláró kan sọ̀rọ̀. Ó ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ya, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kánjú sí, kí n padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí n sì mú owó dání.