Wọ́n Ní Ká Jẹun

Dírẹ́fà tó gbé mi ní gáréèjì Adó-Èkìtì lóṣù tó kọjá á ṣì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri báyìí. Ìbéèrè kan péré ni mo bi í. Ńṣe ló sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá gbọ́ ọ létí ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo mọ́tò yìí ló ń lọ sí Ìkọ̀lé?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Àbí ẹ fẹ́ kí n fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ n'Ífàkì, kí n máa gbé búùtù lọ?"

Ẹ̀rín sọ ní gáréèjì. Àgbèrò kan ní kí wọ́n gbóòórùn ẹnu mi wò. Màmá kan tó gbé adìẹ sẹ́sẹ̀ níwájú mọ́tò wò mí tàánú-tàánú. Mi ò bínú sí wọn. Rélùwéè kò tíì pín sí méjì mọ́ wọn nídìí rí ni.

Ní Èkìtì tiwa, kò kúkú sí rélùwéè. Ojú irin gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà, ó gba Ìlọrin, ó fi àwa sílẹ̀ láàárín òkè wa. Nígbà tí mo wá dé Jámánì lọ́dún 2016 láti lọ kàwé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwọ̀ dẹ́rù bà mí ju òtútù lọ. Nínú bọ́ọ̀sì wọn, a kì í pariwo "ó wà o!", bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ké "ó wà o" títí ọ̀fun fi gbẹ, dírẹ́fà ò tiẹ̀ yíjú wò mí, àfìgbà tí ọmọ kékeré kan bá mi tẹ bọ́tìnì. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀. Láwọn ìlú kan, tó o bá rà á tán, wàá tún kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré kan kó lè lu òǹtẹ̀ sí i. Tí kò bá ti lóǹtẹ̀, bí ìgbà tó ò rà á ni, 60 Euro sì lowó ìtanràn rẹ̀. Ìyẹn, mo ti san án. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Ìkọ̀lé bíi tèmi, ń gbé ní Wuppertal. Ó ní kí n wá kí òun lópin ọ̀sẹ̀. Hannover lèmi wà. Rélùwéè kan ṣoṣo ló máa gbé mi débẹ̀, kò sí pé mò ń bọ́ sílẹ̀ wọ òmíràn. A kì í lọ kí ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ òfo, nítorí náà mo se mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ. Kò séwé níbẹ̀, inú kọ́ọ̀pù ni mo sè é sí. Mo kó wọn sínú kúlà, ó di èbúté.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé rélùwéè yẹn, méjì ni, ńṣe ni wọ́n so wọ́n pọ̀. Tó bá dé ìlú kan tó ń jẹ́ Hamm, wọ́n á tú wọn. Ọ̀kan á gba Hagen lọ sí Wuppertal, èkejì á gba Dortmund àti Bochum lọ sí apá Düsseldorf. Kí n má parọ́, wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀, wọ́n kọ ọ́ sí pátákó, wọ́n tiẹ̀ fi lẹ́tà A, B, C pín ibi tí kálukú máa dúró sí. Èmi rí ilẹ̀kùn tó ṣí, mo wọlé. Ṣé ní Adó, èwo lèèyàn ń yan ilẹ̀kùn sí? Mọ́tò tó bá ti ń lọ Ìkọ̀lé, bó o jókòó síwájú, bó o há sáàárín màmá méjì lẹ́yìn, Ìkọ̀lé náà lò ń lọ.

A dé Hamm. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ gígùn. Mo gbọ́ "geteilt" bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Pínpín ni wọ́n ń wí, àmọ́ kíláàsì èdè wa ò tíì débẹ̀, orí oúnjẹ la ṣì wà. Àwọn kan fa báàgì wọn yọ, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n sáré lọ wọ apá kejì ọkọ̀ náà. Àánú wọn ṣe mí. Èèyàn ríbi gidi jókòó, ó tún ń sáré kiri! Mo na ẹsẹ̀, mo sùn.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Èmi ọmọ Èkìtì, ohun tí mo mọ̀ ni ti Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn wá pàdé ara wọn. Kí ohun tó ti ń rìn bọ̀ lọ́kan ṣoṣo wá dédé pínyà láìjà láìta, wọn ò kọ́ mi nírú ìyẹn.

Ohùn ẹ̀rọ yẹn náà ló jí mi. Nínú gbogbo ohun tó sọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo dá mọ̀: "Essen."

Mo jí pátá. Èyí mo mọ̀ ọ́n! Orí oúnjẹ! Essen ni jẹun. Mo ní àwọn òyìnbó yìí mà kúkú dáa o, wọ́n ń kéde àsìkò oúnjẹ fún èrò ọkọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, àwọn èèyàn ti ń dìde, wọ́n ń tò lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní wọ́n ń lọ fọwọ́ nìyẹn. Mo ṣí kúlà.

Mọ́ínmọ́ín elédé ni o. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo inú ọkọ̀. Màmá àgbà òyìnbó kan tó jókòó kọjú sí mi rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Guten Appetit." Ẹ kú ìjẹun ni wọ́n kí mi yẹn. Kí ni mo tún fẹ́ máa wá ẹ̀rí kiri sí? Mo na kọ́ọ̀pù kan sí wọn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Wọ́n ní rárá. Mo ní ìtìjú ni. Mo tún na án. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbà á, bóyá kí n lè jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Orí mọ́ínmọ́ín kejì ni mo wà tí fóònù fi dún.

"Àbúrò, rélùwéè rẹ ti dé, mi ò rí ẹ. Ibo lo wà?"

"Inú ẹ̀ náà ni mo wà, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká jẹun ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jẹun?"

"Àwọn ọlọ́kọ̀ ni. Wọ́n kéde ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. "Kí ni wọ́n sọ gan-an?"

"Wọ́n ní Essen."

Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè pè é lẹ́rìn-ín. Ó jọ ìgbà tí ewúrẹ́ ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí èdè Ìkọ̀lé pọ́ńbélé, ó ń pe àwọn baba ńlá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó padà sí Yorùbá tí gbogbo ayé ń gbọ́, ó ní, "Àbúrò mi, ìlú ni Essen! Ìlú ńlá! O sì ti kọjá rẹ̀!"

Bí ẹni pé wọ́n rán an ni ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò yọ. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ní Wuppertal, èmi sì ní mọ́ínmọ́ín lẹ́nu. Mo ti ń ka 60 Euro kejì lọ́kàn. Màmá àgbà yẹn ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mo rí i pé kọ́ọ̀pù mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi ń ṣàlàyé. Ọkùnrin náà fi bírò kọ nǹkan sí tíkẹ́ẹ̀tì mi, ó ní kí n bọ́ sílẹ̀ ní Düsseldorf, kí n wá ọkọ̀ padà. Nígbà tí mo fi dé Wuppertal, mọ́ínmọ́ín ti ku mẹ́rin. Rélùwéè ìgboro ibẹ̀, ńṣe ló so rọ̀ sábẹ́ irin bí àdán, láti ọdún 1901 ló sì ti ń so rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ká wọ̀ ọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn. Títí dòní, wọn kì í bi mí bóyá mo ti jẹun mọ́. "Ṣó o ti Essen?" ni.

Ẹ ṣáà ti wá rí i pé ìbéèrè tí mo bi dírẹ́fà l'Ádó, kì í ṣe ti wèrè. Ó búra fún mi pé Ìkọ̀lé ni tààrà. A gbéra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sílẹ̀ ní Ìwòròkò, àwọn kan sọ̀ lójú ọ̀nà, nígbà tá a fi dé Ìfàkì, ó ku àwa mẹ́ta. Ìfàkì yìí ni ọ̀nà ti pín: ọ̀kan gba Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, ọ̀kan gba Ìdó. Fóònù dírẹ́fà dún. Ó páàkì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wọ mọ́tò iwájú yẹn. Mo ti sanwó yín fún un."

Ó ti tà wá! Àwọn tó fẹ́ ṣáátà rẹ̀ lọ sí Ìdó ti dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò wá bí ẹni pé àwa la gba ilé wọn. Màmá aládìẹ bẹ̀rẹ̀ èpè. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Hamm ni mo rántí. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò na ẹsẹ̀, mi ò sùn, mo fò jáde, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ mọ́tò kejì. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ni wọn yóò pín ọkọ̀ mọ́ èmi nídìí.

A ti ń sún mọ́ Ọ̀yẹ́ nígbà tí Màámi pè. Nọ́ńbà wọn ni mo kọ sára báàgì mi ní Jámánì, kó má bàa sọnù lójú ọ̀nà.

"Ọmọ mi, dírẹ́fà kan ló pè mí yìí. Ó ní ẹrù rẹ ti gúnlẹ̀ sí Ìdó láyọ̀. Ìwọ alára ńkọ́, ibo lo wà?"